Kànga epo orí ilẹ̀ tó ń tú iyanrìn àti omi jáde: báwo la ṣe máa pa á ká tó fa tubing rẹ̀ jáde?

Rígì_Kékeré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé. Mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò workover (àtúnṣe kànga tó ti ń ṣiṣẹ́), mo sì to kànga kan pọ̀ lórí ìwé kẹ́ ẹ lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe kànga ẹnikẹ́ni o. Mo kàn mú kó jọ irú èyí tó wọ́pọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ lápá Ughelli.

Ó dúró ṣánṣán, kò dagun. Casing rẹ̀ (páìpù ńlá tó di ògiri kànga) jẹ́ 9⅝ íńṣì, 47 pọ́n-ùn lórí ẹsẹ̀ bàtà kan. Tubing rẹ̀ (páìpù inú tí epo ń gbà gòkè) 3½ íńṣì, 9.2 pọ́n-ùn, irin L80. Packer tó ṣeé yọ (rọ́bà àti irin tó dí àyè láàárín tubing àti casing) wà ní ẹsẹ̀ bàtà 9,000, ìdí tubing wà ní 9,050, perforation (àwọn ihò tí epo ń gbà wọ casing) bẹ̀rẹ̀ ní 9,200, ó parí ní 9,230. Ìdí kànga gan-an wà ní 9,350. Ìfúnpá inú àpáta jẹ́ 3,700 psi (pọ́n-ùn lórí íńṣì onígun mẹ́rin kan); tá a bá ti orí kànga, 900 psi ló ń hàn. Àpáta á sán tí ìfúnpá bá dé 0.68 psi lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Christmas tree rẹ̀ (àwọn fáàfù orí kànga) gba 5,000 psi. Nínú ohun tó ń jáde, omi ti kó ìdá méje nínú mẹ́wàá, iyanrìn sì ń jókòó sínú separator (táńkì tó ń ya epo, omi àti gáàsì sọ́tọ̀).

Ètò mi: kí n fi omi iyọ̀ 9.5 ppg (pọ́n-ùn lórí gálọ́ọ̀nù kan) pa kànga, ìyẹn kí ìwúwo omi di ìfúnpá rẹ̀ mú, kó lè dá mi lójú, kí n bullhead (fífi pọ́ọ̀ǹpù ti omi náà látòkè wọ inú àpáta), kí n yọ tree, kí n gbé BOP (ẹ̀rọ tó ń ti ẹnu kànga pa bí ìfúnpá bá dé lójijì) lé e, kí n fa tubing, kí n fọ iyanrìn, kí n fi símẹ́ǹtì dí omi, kí n sì dá tubing padà. Kí ni mi ò rí?

Ìyá_Brine

Àbúrò, 9.5 yẹn la máa kọ́kọ́ jà lé lórí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le: ìwúwo ní ppg, lọ́nà 0.052, lọ́nà jíjìn. 9.5 × 0.052 × 9,200 fún ọ ní 4,545 psi. Àpáta ń tì ọ́ pẹ̀lú 3,700. O ti fi 845 psi lé e lórí. Iyanrìn Agbada (ìpele àpáta tó ń gbé epo) tó wà níbẹ̀ rọ̀, omi sì ń wọ inú rẹ̀ wàrà. Ńṣe ni kànga yẹn á máa mumi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Omi tó bá mu, ẹ̀yin lẹ máa san owó rẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹ ò ní mọ ibi tí ojú omi wà nínú casing mọ́, gáàsì sì lè máa gòkè bọ̀ lábẹ́ òkùnkùn.

Omi KCl (iyọ̀ potassium) ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni kó o lò. Ìwúwo rẹ̀ súnmọ́ 8.5 ppg: 8.5 × 0.052 × 9,200 = 4,066 psi, ìyẹn 366 psi lé lórí àpáta. Ooru inú kànga á tú u fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀, nítorí náà yọ bí 40 sí 60 psi kúrò lọ́kàn rẹ. 300 ló ṣẹ́ kù. Ó tó.

Fún àgbá kan, wọn pọ́n-ùn KCl 10.7. Kànga yìí gan-an gba nǹkan bí àgbá 684 tí kò bá sí páìpù kankan nínú rẹ̀. Má lọ pẹ̀lú ohun tó kéré sí àgbá 1,000 nínú ọkọ̀ omi àti táńkì, ìyẹn bí àpò 194, oní kílò 25. Kí o sì fọ táńkì náà kí omi tó wọ̀ ọ́. Ẹrẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú kọ̀rọ̀ táńkì láti ìgbà tí wọ́n fi gbẹ́ kànga mìíràn ti ba perforation jẹ́ ju ohun tí àwọn èèyàn rò lọ. Fi filter 2 sí 5 micron sẹ̀ ẹ́.

OníSlickline

Màmá ti sọ̀rọ̀ omi, ẹ jẹ́ n sọ tèmi kí ẹnikẹ́ni tó pe rígì rárá.

Rígì wọ́n. Slickline, ìyẹn wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń sọ irinṣẹ́ kalẹ̀ sínú tubing, kì í wọ́n. Kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá iyanrìn ti bo perforation. Ẹ fi gauge cutter (òrùka irin tó ń wọn àyè inú tubing) sọ̀ kalẹ̀, ẹ wo ibi tó ti dúró. Tó bá dúró ní 9,210, iyanrìn ti gbé ẹsẹ̀ 140 láti ìdí kànga, ó sì ti bo ẹsẹ̀ 20 nínú 30 tí perforation ní. Ẹ fi impression block (irinṣẹ́ tí òjé wà ní ìdí rẹ̀) tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé iyanrìn ni lóòótọ́, kì í ṣe irin tó já. Òjé náà á mú àwòrán ohun tó bá kàn. Ojú iyanrìn máa ń fi nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, àmọ́ ẹnu páìpù tó ṣẹ́ á fi òrùka sílẹ̀.

Èkejì, ẹ dín choke (ihò tó ń díwọ̀n ohun tó ń jáde) kù kẹ́ ẹ wò ó. Tẹ́ ẹ bá ti orí 32/64 íńṣì lọ sí 20/64 tí iyanrìn sì dín kù gidi, ohun tó ń fa iyanrìn ni pé ẹ ń fà á jù. Tí kò bá dín, omi ti tú ìdè àárín iyanrìn náà, choke nìkan kò ní gbà yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbé omi lọ sí labù kí wọ́n wo iyọ̀ inú rẹ̀. Omi ìpele àpáta Benin Formation tó wà lókè kò ní iyọ̀ tó omi Agbada. Tí omi tó ń jáde bá jẹ́ èyí tí kò níyọ̀ púpọ̀, casing lè ti jò lókè tàbí packer ń jò, símẹ́ǹtì tẹ́ ẹ fẹ́ dà sí ìsàlẹ̀ á sì di owó tó ṣòfò.

Rígì_Kékeré

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Tí wọ́n bá rí i ní 9,210, ṣé mo ṣì lè bullhead? Ẹsẹ̀ 10 péré ló ṣí sílẹ̀ nínú perforation.

Dírílà_Àtijọ́

O lè gbìyànjú, ṣùgbọ́n wo gọ́ọ̀jì dáadáa, nítorí pé perforation tó ṣí sílẹ̀ kò pọ̀, ìfúnpá á tètè gòkè.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Tubing 3½ gba 0.0087 àgbá lórí ẹsẹ̀ kan: 9,050 × 0.0087, bí 79. Lábẹ́ tubing títí dé 9,200, casing 9⅝ gba 0.0732: 150 × 0.0732, bí 11. Lápapọ̀ 90. Pọ́ọ̀ǹpù 95, kí ìka wa má bàa wà lórí ìwọ̀n gan-an.

Ìfúnpá tó o lè lò lókè kì í dúró sójú kan. Àpáta á sán ní 0.68 × 9,200 = 6,256 psi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó wà nínú tubing ń wọn 3,700 dín 900, ìyẹn 2,800. Ohun tó kù fún ọ lókè jẹ́ 3,456. Nígbà tí omi iyọ̀ bá ti kún tubing, 4,066 ni ìwúwo rẹ̀, ohun tó kù jẹ́ 2,190. Fa ìlà láti 3,456 sí 2,190 lórí ìwé, kí o sì máa dúró ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wà nídìí pọ́ọ̀ǹpù gbọ́dọ̀ rí ìwé náà lójú, kì í ṣe kí company man (aṣojú ilé iṣẹ́ epo) tọ́jú u sínú bàágì.

Àgbá 2 sí 3 ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá falẹ̀ jù, gáàsì á máa yọ gba àárín omi kọjá, ẹ ó kàn máa da omi sẹ́yìn rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, pa pọ́ọ̀ǹpù, dúró fún wákàtí kan. Òdo ló yẹ kó wà lórí gọ́ọ̀jì. Tó bá ń gùn padà díẹ̀díẹ̀, gáàsì ló ṣẹ́ kù: fi omi díẹ̀ wọlé, jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, tú gáàsì díẹ̀ jáde, tún ṣe é. Suuru ló gbà.

Tí perforation bá ti dí pátápátá tí kò gba nǹkan kan, má fi agbára tì í. Gba SSD (ìlẹ̀kùn tó ṣeé ṣí lára tubing) tó wà lókè packer yí omi ká, lẹ́yìn náà kó o wá ronú ohun tó kù lábẹ́ packer.

OníSlickline

Lórí SSD yẹn, ẹ̀gbọ́n, iyanrìn máa ń há a. Tí kò bá ṣí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má jẹ́ kí wáyà já síbẹ̀. Ẹ fi tubing punch lu ihò sí ara tubing lókè packer, ó tán. Àyè tó wà láàárín tubing àti casing gba 0.0613 lórí ẹsẹ̀ kan, ìyẹn bí àgbá 552 láti 9,000 dé òkè. Omi àtijọ́ tó wà níbẹ̀, tí wọ́n fi oògùn ìpata sí nígbà tí wọ́n parí kànga, á jáde wá. Ẹ má tú u sínú igbó. Táńkì tirẹ̀ ni kó lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Epo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà. Tí kànga bá wá ń mumi láìka 8.5 sí ńkọ́? Ìgbà wo lèèyàn máa sọ pé ó ti pọ̀ jù?

Ìyá_Brine

Tó bá ń mu àgbá 5 sí 10 ní wákàtí, ẹ kàn máa dà á sí i látòkè, kẹ́ ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ po HEC (ìyẹ̀fun tó ń mú omi kí). Àgbá 20 tó kí, bí pọ́n-ùn 3.5 HEC sí àgbá kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e jókòó sí iwájú perforation. Tí kò bá tó, ẹ fi calcium carbonate tí wọ́n lọ̀ ní ìwọ̀n oríṣiríṣi kún un, pọ́n-ùn 20 sí 50. Ásíìdì á jẹ calcium carbonate kúrò tó bá yá. Barite kò ní jẹ. Ẹni tó bá da barite tàbí bentonite sí iwájú àpáta tó ń gbé epo ti tì í ní kọ́kọ́rọ́.

Pípo rẹ̀ ló ń bàjẹ́ jù. HEC tí wọ́n bá da lẹ́ẹ̀kan náà á di kókó bí àmàlà ẹni tó ń kánjú. Kókó yẹn kì í yọ́, ńṣe ló máa lọ lẹ̀ mọ́ ihò perforation. Ẹ jẹ́ kí omi kọ́kọ́ kan díẹ̀, ẹ wọ́n ìyẹ̀fun náà díẹ̀díẹ̀ síbi tí omi ti ń yí, nígbà tó bá ti tú ká tán, ẹ wá gbé pH rẹ̀ gòkè kó lè kí. Lẹ́yìn náà ẹ sẹ̀ ẹ́.

Ìlàjẹ_Òkè

Ẹ jẹ́ n já wọlé díẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé Oloibiri, ọdún 1956, ni kànga àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí epo tó ṣeé tà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n 1908 ni Nigerian Bitumen Corporation ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀ lápá Araromi tiwa níbí ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, kí ogun 1914 tó dá iṣẹ́ wọn dúró. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín lọ.

Dírílà_Àtijọ́

Haha, ọmọ Ìlàjẹ, a ti gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tree àti BOP ló kàn, níbi tí kànga kò ti ní ìlẹ̀kùn kankan lórí fún wákàtí mélòó kan. Ìdènà méjì tí wọ́n ti dán wò gbọ́dọ̀ wà nínú tubing kí ẹnikẹ́ni tó tú bolt kan lára tree. Omi tó wúwo jẹ́ ọ̀kan, tí ojú rẹ̀ bá ṣì hàn tí kò sì ń lọ sílẹ̀. Plug (ìdérí) tí slickline gbé sínú nipple (ibùjókòó rẹ̀ nínú tubing) nísàlẹ̀ jẹ́ òmíràn. BPV (fáàfù tó ń dí ohun tó ń bọ̀ látìsàlẹ̀) tó jókòó nínú tubing hanger (ohun tó gbé tubing rọ̀ lórí kànga) ni ẹ̀kẹta. Mi ò ka SSSV (fáàfù ààbò inú tubing) mọ́ wọn bí wọn kò bá dán an wò lọ́jọ́ náà.

Orí kànga yìí á jẹ́ 11 íńṣì, 5,000 psi. BOP: annular (rọ́bà tó ń fún mọ́ ohunkóhun) lókè, pipe ram (ẹ̀rẹ̀kẹ́ irin) tó gbá 3½ mú, blind/shear ram (èyí tó ń ti kànga òfìfo tàbí gé páìpù). Àsìkò tó le jù tí kànga lè dé ni kí gáàsì kún un látòkè dé ìsàlẹ̀: 3,700 dín 0.1 × 9,200, bí 2,780 psi lókè. Nítorí náà, 3,000 psi tó fún ìdánwò gíga, ṣùgbọ́n 250 sí 350 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán wò, fún ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Rọ́bà tó ń jò ní 300 lè má jò ní 3,000, torí pé ìfúnpá gíga fúnra rẹ̀ máa ń tì í mọ́ irin. Ẹni tó bá fo ti kékeré ti tan ara rẹ̀ jẹ. Ram gbọ́dọ̀ padé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Accumulator (ìgò tó ń tọ́jú ìfúnpá fún BOP) 3,000 psi, naitrójìn inú ìgò rẹ̀ 1,000. Naitrójìn nìkan o. Ọ́síjìn pẹ̀lú òróró á bú gbàmù.

Kí ẹ tó wọ kànga, ìwé àṣẹ NUPRC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wíwa epo ní Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́.

Rígì_Kékeré

Ẹ ṣé, ọ̀gá mi. Lẹ́yìn BOP, mo rò pé kí n kàn tú packer kí n máa fà á lọ, ó lè tán láàárín wákàtí mẹ́jọ.

Dírílà_Àtijọ́

Wákàtí mẹ́jọ ló máa pa èèyàn. Ẹ jẹ́ ká dúró síbí.

Lábẹ́ packer, gáàsì tó gòkè láti perforation ti kóra jọ síbẹ̀ láti ìgbà tí plug ti wà nínú nipple. Ẹ yọ BPV, kí slickline gba inú BOP lọ yọ plug náà kí ìfúnpá òkè àti ìsàlẹ̀ bára dọ́gba. Tí iyanrìn bá ti jókòó lé prong plug lórí, wọ́n á kọ́kọ́ fi bailer gbọ́n ọn. Ẹ wá tú packer, kẹ́ ẹ má tíì fa nǹkan kan. Ẹ gba choke yí omi ká, kí gáàsì tó wà níbẹ̀ jáde tán. Lẹ́yìn náà, dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí rọ́bà packer sún padà. Rọ́bà tó ti gbóná fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í tètè rẹlẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá ń fà á kíákíá, packer tó nípọn nínú casing á ṣe bí rọ́bà inú sírínjì: á máa fa ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ gòkè. 300 psi tí màmá fún yín lè parẹ́ láàárín stand (páìpù bíi méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀) kan ṣoṣo. Ẹ wo omi lórí trip tank (táńkì tó ń wọn omi tó ń wọ kànga) ní gbogbo stand mẹ́wàá àkọ́kọ́. Tí kò bá gba omi tó yẹ, ẹ dá páìpù padà sísàlẹ̀, ẹ yí omi ká.

Omi tó yẹ nìyí. Irin tubing fúnra rẹ̀ gba 0.0032 àgbá lórí ẹsẹ̀. Páìpù mẹ́wàá, ẹsẹ̀ 300, jẹ́ bí àgbá kan. Gbogbo tubing látòkè dé ìsàlẹ̀ jẹ́ àgbá 29 péré. Ṣùgbọ́n tí tubing bá dí tó sì ń gbé omi inú rẹ̀ jáde, ìwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ máa kà, 0.0119: àgbá 3.6 fún páìpù mẹ́wàá. Ẹni tó bá ń da àgbá kan sínú kànga tó ń pàdánù 3.6 ti fi 2.6 sílẹ̀ ní òfo, kò sì mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Epo

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Oklahoma nìyẹn?

Dírílà_Àtijọ́

Ó súnmọ́ ọn. Ìyẹn jẹ́ gbígbẹ́ kànga, kì í ṣe workover: kànga gáàsì kan nítòsí Quinton, ọjọ́ 22, oṣù kìíní, ọdún 2018. Èèyàn márùn-ún kú, gbogbo wọn wà nínú yàrá dírílà. CSB, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, rí i pé gáàsì ti ń wọlé nígbà tí wọ́n ń fa páìpù, àti pé ètò alárámù tó yẹ kó ké ni wọ́n ti pa. Kì í ṣe gbogbo alárámù tó ń yọ èèyàn lẹ́nu ni kéèyàn pa o.

Ìyá_Brine

Trip sheet (ìwé tí wọ́n ń kọ omi tó wọ kànga sí) nìkan kò tó, ẹ kọ omi tó yẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tó wọlé gan-an, kẹ́ ẹ sì ṣe ìyàtọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe stand kọ̀ọ̀kan nìkan. Ìdajì àgbá, ìdajì àgbá, kò sẹ́ni tó máa rí i. Àgbá 6 á hàn.

OníSlickline

Packer tí kò tú ńkọ́? Nítorí iyanrìn ní ẹ̀yìn tubing ló máa ń ṣe é.

Dírílà_Àtijọ́

Ó dára. Tubing wúwo 83,000 pọ́n-ùn nínú afẹ́fẹ́, omi á gbé díẹ̀, ó kù bí 72,000. L80 3½ lè bẹ̀rẹ̀ sí nà láìpadà sípò ní 207,000 tó bá ṣì wà ní tuntun. Má kọjá 165,000 lórí gọ́ọ̀jì, tí tubing bá sì ti jẹ̀rà, 145,000 ni kó o dúró sí.

Kó o tó fà á bí ẹran, wo ibi tó ti há. Fi 30,000 pọ́n-ùn kún ìwúwo rẹ̀, kí o fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára tubing, kó o wọn bó ṣe nà. Ìlànà rẹ̀: 735,294 × íńṣì tó nà × 9.2, pín in pẹ̀lú 30,000. Tó bá nà ní íńṣì 40, ó ń lọ títí dé packer ní 9,000, packer gan-an ló há. Tó bá nà ní 28 péré, ó há ní bí 6,300: iyanrìn ló wà lẹ́yìn tubing, tàbí casing ti wó mọ́ ọn. Ìyẹn yàtọ̀ gidi. Fún èyí àkọ́kọ́, fi jar (irinṣẹ́ tó ń lu bí òòlù) lù ú, tí kò bá gbà, gé tubing lókè packer, fi overshot (irinṣẹ́ tó ń gbá páìpù mú láti ìta) àti jar padà wá. Fún èkejì, wàá gé e lókè ibi tó há, wàá fi washover pipe (páìpù ńlá tó ń bo tubing) fọ̀ ọ́. Tí packer bá jẹ́ èyí tí kì í yọ rárá, mill (irinṣẹ́ tó ń lọ irin) ló kù.

Ìyá_Brine

Ẹ jẹ́ ká dé ibi fífọ iyanrìn, torí pé ìṣirò tí mo ń fẹ́ kí àbúrò rí wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ 140 nínú casing 9⅝ jẹ́ àgbá 10 péré, bí tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ iyanrìn. Kò dà bíi pé ó pọ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi àgbá 3 ní ìṣẹ́jú pọ́ọ̀ǹpù gba inú tubing, tí ẹ ń retí kó gba ẹ̀yìn rẹ̀ gòkè, omi náà ń rìn ní ẹsẹ̀ 49 péré ní ìṣẹ́jú. Iyanrìn á máa sọ̀ padà. Ẹ yí i: gba ẹ̀yìn wọlé, inú tubing jáde. Inú tubing, àgbá 3 yẹn ń sáré ní ẹsẹ̀ 345 ní ìṣẹ́jú.

Páìpù kan, ẹsẹ̀ 30 iyanrìn, jẹ́ bí pọ́n-ùn 1,230. Tó bá wà nínú tubing lẹ́ẹ̀kan náà, á fi bí 115 psi kún ìfúnpá ìsàlẹ̀. Ìyára omi nínú tubing á tún fi bí 150 sí 170 kún un. Ó di 366 + 115 + 165 = 646 psi. Ẹ wá rí i pé ká ní 9.5 ni, á ti kọjá 1,100. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jà níbẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ má sì dá pọ́ọ̀ǹpù dúró láti so páìpù tuntun kí tubing tó mọ́. Àgbá 80, ní 3 ní ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú 27 ni. Bí ẹ bá kánjú níbẹ̀, iyanrìn tó wà lójú ọ̀nà á sọ̀ padà yí ìdí tubing ká, ẹ ó sì máa wá fishing tool (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ ohun tó há) fún páìpù yín.

Rígì_Kékeré

Símẹ́ǹtì wá ńkọ́? Mo rò pé àpò 100.

Dírílà_Àtijọ́

Tí labù bá ti fi hàn pé omi gba ẹ̀yìn casing wá, kí CBL (àyẹ̀wò bí símẹ́ǹtì ṣe lẹ̀ mọ́ casing) sì fi hàn pé símẹ́ǹtì àtijọ́ kò dì mọ́ casing níbẹ̀, ó yẹ. Class G, símẹ́ǹtì kànga epo, ni o, kì í ṣe símẹ́ǹtì ilé. Èyí tí wọ́n fi ń kọ́lé kò ṣeé sọ àsìkò tó máa dì nínú ooru ìsàlẹ̀. Àpò class G jẹ́ pọ́n-ùn 94, ó máa ń fún wa ní 1.15 cubic feet ní 15.8 ppg. 100 × 1.15 jẹ́ 115, ìyẹn àgbá 20.5. Omi rẹ̀ bí 5 gálọ́ọ̀nù lórí àpò kan, àgbá 12. Fi fluid-loss additive sí i, tí kò bá sí, omi inú rẹ̀ á sá wọ iyanrìn, símẹ́ǹtì á gbẹ sínú casing kó tó wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Tì í wọlé díẹ̀, dúró, tì í, dúró. Má fi ipá sán àpáta. Àyẹ̀wò labù fún àsìkò dídì gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹ̀lú omi ibẹ̀ gan-an, kì í ṣe omi ẹ̀rọ ìlú.

Ìyá_Brine

Lẹ́yìn símẹ́ǹtì, ẹ tún perforate, àmọ́ ẹ má dá tubing padà lásán. Iyanrìn á padà. Gravel pack (òkúta wẹ́wẹ́ àti screen tó ń sẹ́ iyanrìn) ló kàn. Ẹ mú iyanrìn àpáta lọ sórí ajọ̀, ìyẹn iyanrìn inú core (àpáta tí wọ́n gé jáde látinú kànga) tàbí èyí tí bailer gbé, kì í ṣe ti separator tó ti yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí D50 rẹ̀ (ìwọ̀n àárín àwọn wóro rẹ̀) bá jẹ́ 0.11 mílímítà, lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 0.66: gravel 20/40 ló bá a mu, screen ojú 0.012 íńṣì. Screen ẹsẹ̀ 50 kí ó bo perforation lókè àti nísàlẹ̀, sump packer (packer ìdí) ní bí 9,240. Pẹ̀lú blank (páìpù tí kò ní ihò) ẹsẹ̀ 60 lókè rẹ̀ àti ohun tó máa wọ perforation, ẹ máa gbé bí pọ́n-ùn 5,000 gravel wá.

Rígì_Kékeré

Mo ti tún un kọ: 8.5, àgbá 95, ìlà ìfúnpá fún oní-pọ́ọ̀ǹpù, plug àti BPV, ìdánwò kékeré kó tó di gíga, yíyí omi ká kí n tó fa packer, trip sheet pẹ̀lú ìyàtọ̀ àpapọ̀, gbígba ẹ̀yìn fọ iyanrìn, labù omi kí símẹ́ǹtì tó kàn, gravel pack. Kí ló tún kù tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ rígì?

Dírílà_Àtijọ́

Safety valve tó bá thread (ẹnu tí wọ́n fi ń yí páìpù pọ̀) tubing 3½ EUE mu, kó wà lórí rig floor láti páìpù àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn, ní ṣíṣí. Nígbà tí packer bá ń gba rig floor kọjá, ẹ fi crossover rẹ̀ (ohun tó ń so thread méjì tí kò bára mu pọ̀) sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á sì máa rọ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe inú àpótí irinṣẹ́ tí wọ́n ti pa.